Ẹnu Fèrè Wo Ni Kí N Rà? Ìdáhùn fún Afọnfèrè Kan ní Ìbarà

Ìbéèrè: Mo ń fọn tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ oníbáńdì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, a sì máa ń lọ sí òde ìsìnkú àti òde ìgbéyàwó ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹnu fèrè 7C, irin kékeré tí mo ń gbé lé ètè, tó bá fèrè mi wá láti ìgbà tí mo ti rà á ni mo ṣì ń lò. Bí òde bá ti wọ wákàtí kejì, ètè mi á ti kú, ohùn òkè kì í sì í fẹ́ jáde mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra 1½C nítorí pé ètè àwa ènìyàn dúdú nípọn. Ẹlòmíràn ní èyí tí kọ́ọ̀pù rẹ̀ (inú rẹ̀ tó dà bí ife) kò jìn ni kí n rà, pé òun ló ń gbé ohùn òkè jáde. Oníṣòwò kan ní Èkó ti sọ pé méjèèjì wà lọ́wọ́ òun. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ìbéèrè yín ní kíkún, nítorí pé ibi tí ẹ ti ń fọn fèrè àti bí àkókò tí ẹ fi ń fọn ọ́n ṣe gùn tó ló jẹ́ kí n lè fún yín ní èsì tó lè wúlò. Bí owó bá ti wà nílẹ̀, 3C ni kí ẹ rà, tàbí 5C bí ẹ kò bá rí 3C gidi, kí jíjìn kọ́ọ̀pù rẹ̀ sì dúró síbi tó wà lórí 7C yín. Nọ́ńbà ń sọ bí kọ́ọ̀pù ṣe fẹ̀ tó, lẹ́tà sì ń sọ bí ó ṣe jìn tó; mo ṣàlàyé wọn nísàlẹ̀. Ẹ fi 1½C sílẹ̀ ná, ẹ má sì náwó yín sórí èyí tí kọ́ọ̀pù rẹ̀ kò jìn. Ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé, nítorí pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń pa ètè yín, ẹnu fèrè, bó ti wù kó dára tó, kò sì lè tán gbogbo rẹ̀.

Ẹ gbé 7C yín sọ́wọ́ bí ẹ ti ń ka èyí, kí ẹ lè máa fojú rí ohun tí mo ń wí. Apá òkè tó rí roboto, tí ẹ ń gbé lé ètè, ni etí rẹ̀. Igun tí etí náà ti ya wọ inú ni ètè máa ń mọ̀ lára jù, ó lè mú, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti yọ mímú rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn etí ni kọ́ọ̀pù wà, ibi tí ẹran ètè ń wọ̀ sí, tó sì ti ń gbọ̀n. Ní ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù ni ihò tóóró kan wà tí gbogbo èémí yín ń gbà kọjá, òun ni a ń pè ní ọ̀fun; lórí ẹnu fèrè tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ Bach ní Amẹ́ríkà ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, ọ̀fun yìí fẹ̀ tó mílímítà 3.66. Láti ibẹ̀, ihò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìdí, èyí tí ẹ ń tì bọ inú fèrè.

Nínú gbogbo wọn, etí ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bá wá. Kọ́ọ̀pù, ọ̀fun àti ihò ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ lára èémí àti ohùn, ṣùgbọ́n etí ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹran ara jù. Ẹni tí kọ́ọ̀pù kò bá bá mu lè kọ́ bí yóò ṣe máa darí èémí rẹ̀ títí ohùn yóò fi gún. Ẹni tí etí kò bá bá mu yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ètè títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè rìn níbẹ̀, ètè tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì rìn nínú rẹ̀ kò lè gbọ̀n mọ́. Ètè tó kú tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ nìyẹn. Etí tó fẹ̀ díẹ̀ máa ń pín agbára títẹ̀ yẹn káàkiri, kò ní jẹ́ kó kóra jọ sójú kan, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń fọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí fi máa ń gbádùn rẹ̀. Ó ní ohun tó máa gbà lọ́wọ́ ènìyàn náà: bó bá fẹ̀ jù, á di ètè mú, kò ní jẹ́ kí ẹ lè tètè fò láti ohùn ìsàlẹ̀ bọ́ sí ti òkè. Bákan náà ni igun inú. Èyí tó mú máa ń jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ ohùn yọ gaara, pàápàá nínú orin tó yára, àmọ́ á máa gé ètè bí wákàtí bá ti ń gorí wákàtí. Èyí tí kò mú máa ń tu ètè lára, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ohùn lè falẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ètè rẹ̀ kò tíì lágbára.

Nọ́ńbà ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Vincent Bach, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní 1890, tó dé Amẹ́ríkà ní 1914, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹnu fèrè tà ní New York ní 1918, ló fi ìlànà tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lélẹ̀. Nínú ìlànà rẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni kọ́ọ̀pù ń fẹ̀ sí i, nítorí náà 1 fẹ̀ ju 3 lọ, 3 sì fẹ̀ ju 7 lọ. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bí kọ́ọ̀pù ṣe jìn tó: A jìn gan-an, C wà láàrin, E kò jìn. Nínú ìwé ilé iṣẹ́ náà, fífẹ̀ 7C jẹ́ mílímítà 16.20, ti 5C jẹ́ 16.25, ti 3C jẹ́ 16.30, ti 1½C sì jẹ́ 17.00. Ẹ wo ohun tí àwọn iye wọ̀nyí ń sọ. Láti 7C dé 3C, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, èyí tí kò ju bí bébà kan ṣoṣo ṣe nípọn lọ. Láti 3C dé 1½C, ìlọ́po méje rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ yín tó ní kí ẹ fo láti 7C sórí 1½C ní kí ẹ gun òkè Olúmọ láìgba ibi àtẹ̀gùn.

Ó yẹ kí ènìyàn wá béèrè pé, bí ìyàtọ̀ 7C àti 3C bá kéré báyẹn, kí ló dé tí afọnfèrè tó bá gbé ọ̀kan lẹ́yìn èkejì fi máa ń sọ pé wọn kò jọra lẹ́nu rárá. Etí náà ni. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, igun inú 7C mú, ètè sì máa ń mọ ibi tó dúró sí. Ti 3C rọ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń jókòó lé ètè pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ìdí tí mo fi yan 3C fún yín nìyẹn. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ní dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ fún ètè yín, kọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣì wà nínú ìdílé C tí ẹ ti mọ̀, ohun tí ó máa yàtọ̀ jù ni ibi tó ń dùn yín gan-an. Bí ẹ bá yí ohun púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, tí ohùn wá bàjẹ́ tàbí tó dára, ẹ kò ní mọ èyí tó fà á.

Bí ẹ bá bá ẹnu fèrè ilé iṣẹ́ Yamaha pàdé lọ́jà, ẹ rántí pé ìlànà tiwọn lòdì sí ti Bach. Nọ́ńbà wọn ń pọ̀ sí i bí fífẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, lẹ́tà A wọn ni kò jìn, E wọn ló jìn, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn sì ń sọ bí etí ṣe rí. 11B4 wọn ló sún mọ́ 7C, 14B4 sì sún mọ́ 3C. Bí ẹ bá wo ìwé wọn, ẹ ó rí i pé mílímítà 16.46 ni wọ́n kọ fún 11B4, èyí tó dà bíi pé ó fẹ̀ ju 3C Bach lọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ibi tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń wọn fífẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù ni kò dọ́gba, nítorí pé kọ́ọ̀pù ń dín bí ó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Oníṣòwò tó bá fi mílímítà ilé iṣẹ́ kan wé ti òmíràn fún yín, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má fi ra nǹkan.

Mo dé orí ọ̀rọ̀ ètè tó nípọn, èyí tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé nínú Boys' Brigade, tí àwọn àgbà fi ń gbé ẹnu fèrè ńlá lé ọmọ kékeré lọ́wọ́. Bí ètè ṣe nípọn lójú ẹni tó ń wò ó kọ́ ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe ibi tí etí ẹnu fèrè jókòó sí àti bí ẹran ètè tó wọ inú kọ́ọ̀pù ṣe pọ̀ tó nígbà tí ẹ bá ń fọn. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ gbé 7C lé ètè bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ẹ fọn ohùn àárín kan tí kò le, kí ẹ sì wo apá òkè etí náà. Bí ó bá jókòó sí ibi tí awọ ojú ti pàdé ètè tàbí lókè rẹ̀, kò sí ohun tí fífẹ̀ lè fi kún un fún yín. Bí gbogbo etí òkè bá wà lórí ẹran pupa ètè òkè, tí ẹran náà kò sì ráyè yọ sínú kọ́ọ̀pù, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbé ẹnu fèrè sókè díẹ̀, kí ẹ fi ara dà á fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ẹ tó ra ohunkóhun tó fẹ̀ ju 3C lọ.

Kọ́ọ̀pù tí kò jìn ni àwọn ètè tó nípọn máa ń bá ní ìṣòro jù, ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn náà kò sì sọ èyí. Nígbà tí ètè bá ń gbọ̀n, tí ẹ sì ń tì í mọ́ ẹnu fèrè nítorí ó ti rẹ̀ yín, ẹran náà á yọ wọ inú kọ́ọ̀pù ju bí ó ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bí kọ́ọ̀pù bá jìn tó, kò sí wàhálà. Bí kò bá jìn, ètè á kan ara kọ́ọ̀pù, kò ní lè gbọ̀n mọ́, ohùn á sì gé lójijì, ó sábà máa ń jẹ́ lórí ohùn òkè gan-an tí ẹ torí rẹ̀ rà á. Mo ti rí i lẹ́nu ju ẹyọ ènìyàn kan lọ: inú ilé ìtajà ó dùn bí oyin, torí ètè ṣì tutù, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, wákàtí kejì òde ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kọ́ọ̀pù tí kò jìn kì í dá ohùn òkè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní in. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ohùn mú, kó tàn, kó sì la ariwo báńdì kọjá, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó ti ní ohùn òkè tẹ́lẹ̀ fi agbára tó dín díẹ̀ mú un jáde. Ó tún máa ń gbé ohùn òkè ga ju bó ti yẹ lọ, débi pé bí ẹ bá bá ọ̀gà tó ń tẹ ọ́gáànù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́, àárín yín kò ní tòrò. Orin ìwé tí ìjọ ń kọ fẹ́ ohùn tó ní ara, tó lè dúró sábẹ́ ohùn àwọn ènìyàn láì gé wọn létí, C sì dára fún un. Bí ó bá di ọjọ́ iwájú tí ẹ kò fọn nǹkan mìíràn ju orin ìlù gbígbóná lóde lọ, kí ẹ wá wo D, tí kọ́ọ̀pù rẹ̀ kò jìn tó ti C.

Ní ti 1½C fúnra rẹ̀, ẹnu fèrè dáadáa ni, àwọn tó ń fọn nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá ilẹ̀ òkèèrè sì máa ń lo irú fífẹ̀ yẹn nítorí ohùn tó kún, tó sì gbòòrò. Àwọn wọ̀nyí ń fọn fèrè lójoojúmọ́. Fífẹ̀ tó pọ̀ túmọ̀ sí pé ẹran ètè tó pọ̀ ló máa gbọ̀n, iṣan ẹnu tó máa di ẹran náà mú gbọ́dọ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀, èémí tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fọn ní alẹ́ ọjọ́ ìfidánrawò kan àti ní òde ọjọ́ Sátidé kò lè fi irú iṣan bẹ́ẹ̀ pamọ́. Bí ẹ bá gbé e lọ sí òde báyìí, ó ṣeé ṣe kí ètè yín má dé wákàtí kejì rárá kó tó kú.

Ẹ tún jẹ́ kí a rántí irú ìlú tí a wà. Oníbáńdì tó ń gbé òkú láti Aké sọ̀ kalẹ̀ gba Sápọ́n, tàbí tó ń gun òkè Ìtòkú pẹ̀lú àwọn ọmọlóòkú tó ń jó níwájú rẹ̀, kì í jókòó fọn fèrè. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta máa ń mì fèrè lójú ẹnu, ẹsẹ̀ á kọ òkúta, ẹnu fèrè á gbá eyín. Níbẹ̀ ni etí tó fẹ̀ díẹ̀, tí igun inú rẹ̀ kò mú, ti ń gba ètè sílẹ̀. Fún irú ìrìn yìí, ẹ lè ra ẹnu fèrè oníke kan bí ẹ bá rí èyí tó dára. Ohùn rẹ̀ kì í jọ ti irin pátápátá, ó ṣì ń bójú mu lóde gbangba, oòrùn ọ̀sán kì í sì í sọ ọ́ di iná lẹ́nu bíi ti irin tí ènìyàn gbé sílẹ̀ sínú oòrùn. Ẹ rí i pé nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹ ń lò nínú ilé, kí ètè má baà máa kọ́ iṣẹ́ méjì.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín lu ọ̀fun 7C yín kó fẹ̀ sí i, kí èémí lè rọrùn, ẹ má gbà fún un. Ọ̀fun tó fẹ̀ máa ń mú kí èémí tètè tán, àárẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé e; bí ihò bá sì wọ́ lọ́wọ́ ẹni tó lù ú, ẹnu fèrè náà ti bàjẹ́, kò ṣeé tún ṣe.

Ìdí ẹnu fèrè, apá tó ń wọ inú fèrè, ni ó kàn, ó sì máa ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀. Ẹnu fèrè tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì kò bá kọ́nẹ́ẹ̀tì, fèrè kan tó jọ tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, mu, nítorí pé ìdí ti kọ́nẹ́ẹ̀tì kúrú, ó sì tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn fèrè àlòkù tó ń wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́nẹ́ẹ̀tì pọ̀ nínú wọn, oníṣòwò sì lè kó ẹnu fèrè méjèèjì sínú àpò kan náà. Bí ẹ bá tì í bọ fèrè, ó gbọ́dọ̀ wọlé tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí méjì ààbọ̀, kó dúró gírí láìmì, kó sì yọ jáde bí ẹ bá yí i díẹ̀. Ẹ wo ẹnu ìdí náà pẹ̀lú: ẹnu fèrè tó ti já bọ́ lulẹ̀ rí máa ń ní ibi tó ti wọnú, kì í jẹ́ roboto mọ́, ohùn kì í sì í gún lórí rẹ̀. Ẹ wo ti 7C yín náà nítorí ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń ṣe yín. Ẹlẹgbẹ́ yín tó ń fọn tùrọ́ḿbóònù gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí oríṣi ìdí méjì ló wà fún tiwọn, kékeré àti ńlá, wọ́n sì máa ń ṣe ẹnu fèrè kan náà, bíi 6½AL, ní oríṣi méjèèjì. Bí ẹnu fèrè bá há, kí ẹnikẹ́ni má fi búláyà fà á; irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi ń yọ ọ́, ẹ kó o lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe tó bá ní in.

Kí ẹ tó sanwó ní Èkó, ẹ gbé fèrè yín dání lọ, kí ẹ sì mú 7C náà dání. Ayédèrú pọ̀, orúkọ Bach ni wọ́n sì máa ń kọ sí i lára jù. Èyí tí mo máa ń wò ni bí wọ́n ṣe gbẹ́ lẹ́tà sí i lára, bóyá ó jinlẹ̀, ó sì tò dọ́gba. Bóyá ó fúyẹ́ lọ́wọ́ ju 7C gidi lọ. Àti bóyá etí rẹ̀ dán yíká tí mo bá fi ìka yí i, kò ní ibi tó ga tàbí ibi tó há. Ẹ yẹ inú kọ́ọ̀pù wò sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ rí i pé ọ̀fun wà ní àárín gan-an. Ẹnu fèrè tí kò ní orúkọ rárá, tí etí rẹ̀ sì dára, sàn lójú mi ju ayédèrú tó ní orúkọ ńlá lọ.

Bí ẹ ó ti dán an wò ló ṣòro jù, nítorí ariwo ọjà àti ojú oníṣòwò máa ń ti ènìyàn láti fọn ohùn òkè kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi 7C fọn títí ètè yóò fi gbóná, kí ẹ wá fi tuntun fọn ohùn gígùn ní àárín, láti ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́ dé ibi tó le, kí ẹ sì padà sí jẹ́jẹ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ni kì í purọ́; ẹnu fèrè tí kò bá yín mu á máa já ohùn níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọn orin ìwé kan tí ẹ mọ̀ dunjú látòkè délẹ̀, kí ẹ gbé áàpù tó ń wọn ohùn sórí fóònù, kí ẹ sì wo bóyá ohùn òkè ń ga jù tàbí ó ń lọ sílẹ̀ ju ti 7C lọ. Bí oníṣòwò bá gbà, ẹ tún dán an wò nígbà tí ètè ti rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ti fọn nǹkan mìíràn tán, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni bí etí ṣe máa ń rí lẹ́nu tó rẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ kan tó gbọ́n létí dúró jìnnà díẹ̀ sí yín, kó má mọ èyí tí ẹ ń fọn, kó sì sọ èyí tí ohùn rẹ̀ wù ú.

Ẹ wo bóyá fàdákà tó wà lára 7C yín ti ṣí níbi etí. Bí idẹ pupa bá ti yọ, ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti ra òmíràn, nítorí pé irú idẹ tí wọ́n sábà ń fi ṣe é máa ń ní òjé díẹ̀ nínú, ó sì máa ń bí awọ ètè àwọn mìíràn nínú, ètè á wú, á sì máa yún wọn. Ọ̀pọ̀ ló fọwọ́ ara wọn ṣí fàdákà náà, nípa fífi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha á, tàbí fífi Brasso pa á kí ó lè dán fún ọjọ́ Sátidé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló tó fún un. Ní àkókò ọyẹ́, tí ètè máa ń là, ẹ fi òrí pa á ní alẹ́, kí ẹ nù ún kúrò pátápátá kí ẹ tó fọn, nítorí pé etí tó ń yọ̀ lórí ètè á mú kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

Mo ti sọ pé ẹnu fèrè kò lè tán gbogbo rẹ̀. Ẹ dán fáàfù fèrè yín wò: ẹ fa túùbù fáàfù kìíní jáde díẹ̀ láìtẹ fáàfù náà, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́, bí ẹ kò bá gbọ́ ìró “pọ́ọ̀” kan, èémí ń jò níbẹ̀, ẹ sì ń fi ètè san gbèsè ohun tí fáàfù ń jẹ. Lóde, lójú mi, máíkì ń gba ètè là ju ẹnu fèrè èyíkéyìí lọ, nítorí pé fèrè kan ṣoṣo kò lè bá gbohùngbohùn tó ń ké lábẹ́ àgọ́ jà fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ bá olórí ẹgbẹ́ yín sọ ọ́. Ẹ jọ pín orin pẹ̀lú, kí ẹni kan fọn apá kan, kí ẹlòmíràn gbà á, kí ètè tó ń sinmi máa rí ẹ̀jẹ̀ gbà.

Bí ẹ bá ra 3C náà, ẹ má gbé e lọ sí òde ní Sátidé àkọ́kọ́. Ẹ máa fi í fọn nílé àti níbi ìfidánrawò fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì, díẹ̀díẹ̀, ní ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró kí ètè tó rẹ̀. Ní àkókò yẹn, òun nìkan ni kí ẹ máa lò níbi ìfidánrawò, kí 7C ṣì jẹ́ ti òde, títí di ọjọ́ tí ẹ ó fi í fọn orin ìwé mẹ́rin tẹ̀léra láì ronú nípa rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ tọ́jú 7C sínú àpò fèrè fún ìgbà tí 3C bá sọnù lóde, nítorí pé ẹni tó ń pààrọ̀ ẹnu fèrè láti orin kan sí èkejì kì í jẹ́ kí ètè mọ ibi tí yóò jókòó sí.